Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Lásísì
Olóyè Fágbèmí ló ni mọ́tò ńlá, òun náà ló ni gbáàgúdá etí ọ̀nà méjèèjì, ó sì pàṣẹ fún Lásísì oníbúrẹ́dì pé bó bá gbọ́ fèrè òun, kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lójú títì, kó má sì tẹ gbáàgúdá òun. "Ṣé kí n fò ni, Bàbá?" "Ìyẹn dọwọ́ rẹ." Lọ́jọ́ kejì, Lásísì yà sílé ìyá olóyè. "Ẹ jókòó sẹ́yìn, Màmá, n ó gbé yín dé ọjà." Wọn ò tíì rìn jìnnà tí mọ́tò fi dé, tó ń fun fèrè, tí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ìborùn màmá. Màmá bojú wẹ̀yìn. "Fágbèmí, ṣé inú gbáàgúdá lo fẹ́ tì mí sí?" Olóyè sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà títì. "Dìde, kí o máa rọra tẹ̀lé wa." Láti ọjọ́ náà, bó bá rí kẹ̀kẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, á kọ́kọ́ dẹ eré, kó lè mọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn.