Ìtì Tí Ògúnṣakin Pọ̀n

Kì í ṣe àpáta ni ó ń pa àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ń wa èédú nínú ihò Òkè-Dúdú; ìgbéraga ni. Ọ̀nà tí ó ti inú ilẹ̀ jáde dagẹ̀rẹ́ púpọ̀, orí ojú irin ni wọ́n sì ti ń fi wáyà fa kẹ̀kẹ́ èédú gòkè. Ẹsẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ìbá fi rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ojo ní ń fẹsẹ̀ rìn. Akọni a máa jókòó sórí èédú, wọn a máa kì í bí ẹni tí ó ti ogun dé. Bí wáyà bá já, kẹ̀kẹ́ a yí padà sísàlẹ̀, a tẹ akọni náà pa pẹ̀lú àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀. Wọn a sin wọ́n, wọn a ní ọwọ́ ayé ni. Lọ́jọ́ kejì, òmùgọ̀ mìíràn a gùn ún.

Ògúnṣakin, ọmọ alágbẹ̀dẹ, apá-bí-òpó, kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti kọjá lọ sókè, a gbé ìtì igi dábùú ojú irin lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè dá a dúró bí wáyà bá já. Ihò náà ti gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògúnjìmí àbúrò rẹ̀ ṣì ń wa èédú nísàlẹ̀.

Lápitẹ́, olórí àwọn agunkẹ̀kẹ́, bá a níbi tí ó ti gbé ìtì náà sẹ́yìn. “O tún ti pọ̀n ọ́n. Ṣé kí a bá ọ wá ọ̀já ni?”

“Ẹ bá mi wá a, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tèmi kò pa opó kankan lẹ́kún rí. Kẹ̀kẹ́ tiyín ńkọ́?”

Lápitẹ́ já ìtì náà gbà, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó dá orin. Kẹ̀kẹ́ kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tí wáyà fi já.

Orin dákẹ́. Akọni bẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, kò tilẹ̀ ké sí àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀. Ògúnṣakin rí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ èédú, kò sì sá. Ó wọ́ ìtì náà padà, ó fi í dábùú ojú irin, ó fi èjìká tì í títí kẹ̀kẹ́ fi kọlù ú tí ó dojú dé. Kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n apá òsì Ògúnṣakin ti fọ́ yánnayànna.

Lápitẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó di orúnkún mú. “O ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́,” ni ó wí.

“Ẹ bá mi wá ọ̀já náà wàyí, ẹ̀gbọ́n,” ni Ògúnṣakin dá a lóhùn. “Apá mi ni n óò fi dì.”

Àwọn tí ó gbà là fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e jáde, wọ́n sì tẹ ìlú wa, Ìdí-Ìtì, dó sẹ́nu ihò náà. Títí di òní, ọba wa kì í gun ẹṣin lọ́jọ́ ìwúyè. Wọn a fi ọ̀já di apá òsì rẹ̀, òun a fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ihò, a sì fi ọwọ́ kan wọ́ ìtì dábùú ọ̀nà kí a tó pè é ní Kábíyèsí. Àwọn ìlú tí ó yí wa ká ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Orin tí wọ́n fi ń yin Lápitẹ́, kò sí ẹnu kan tí ó tún rántí rẹ̀.