Ilé tó Sún Mọ́ Ọ̀nà Olú Ìlú

Nígbà tí Ọba Ìgbóyè ń tún ààfin rẹ̀ kọ́, kò sí ẹ̀yìnkùlé kan ní olú ìlú náà tí àlejò kò sùn sí. Agbẹ́gilére rọ́ lọ síbẹ̀, alágbẹ̀dẹ rọ́ lọ síbẹ̀. Ọkùnrin asínlẹ̀kẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọnàyẹmí wà nínú wọn. Ìlú rẹ̀ jìnnà tó ìrìn ọjọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá sín adé tuntun tí Kábíyèsí yóò dé lọ́jọ́ tó bá wọ ààfin tuntun. Ó mọṣẹ́, kò sí àní-àní. Kíkí èèyàn ni kò mọ̀.

Kò rí yàrá gbà ní Ìgbóyè, ló bá gba Ìdí-Ọ̀mọ̀ lọ. Ìlú kékeré ni Ìdí-Ọ̀mọ̀, ó wà létí odò, ẹni tó bá sì jí kúrò níbẹ̀ ní ìdájí yóò ti dé Ìgbóyè kí oòrùn tó mú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lólú ìlú ṣe ń gbé ibẹ̀. Baálẹ̀ fún Ọnàyẹmí ní yàrá nínú agboolé tirẹ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní òkè yóò máa fi òun falẹ̀ láàárọ̀. Ó ti rí ilé kan nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, níbi tí ọ̀nà Ìgbóyè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó ní ibẹ̀ lòun fẹ́.

Baálẹ̀ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe lásán ni ilé náà fi ṣófo. Odò ìlú àwọn kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé. Òjò lè rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún, kí oòrùn máa ràn ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, kí omi sì ṣàdédé bo ìsàlẹ̀ ìlú mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni gbogbo ìlú fi máa ń péjọ lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún láti ro etí odò. Bí iṣẹ́ bá parí, olórí ilé kọ̀ọ̀kan yóò sọ ẹni tí kò lè sáré nínú ilé rẹ̀, ìbáà ṣe arúgbó, afọ́jú tàbí abiyamọ, Baálẹ̀ yóò sì yan ẹni tí yóò gbé e lọ́jọ́ tí omi bá dé. Kò sí aláìlera kan ní Ìdí-Ọ̀mọ̀ tí kò mọ ẹ̀yìn tí wọn yóò pọ̀n ọ́n sí. Baálẹ̀ ní bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni Ọnàyẹmí fẹ́, kó ṣáà máa wá síbi iṣẹ́ náà.

“Ẹ má bínú, Baálẹ̀,” ni Ọnàyẹmí fèsì. “N kò wá gbé níbí. Mo kàn fẹ́ máa sùn níbí ni. Ìgbóyè ni mo wá.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Baálẹ̀ wò ó títí, ó ní kò burú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ṣe ń ṣe o. Àfẹ̀mọ́jú ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá pé, tí Àṣàbí tó ń yan ẹja létí odò bá rán an létí, yóò juwọ́ sí i, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta tó débẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú ìyá wọn nílé kú. Kò sí ẹlòmíràn tó lè tọ́jú ìyá náà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti kọṣẹ́. Ọnàyẹmí yá ẹṣin, ó lọ gbé e wá. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n wọ ìlú, kò sì sẹ́ni tó rí wọn. Bó ṣe gbé ìyá kalẹ̀ báyìí, ìyá ní kó gbé òun lọ kí Baálẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó wí, “olè níí wọ̀lú láìkí onílùú.”

Ọnàyẹmí ní kí ìyá òun fọkàn balẹ̀. Adé kò ní pẹ́ parí, àwọn yóò sì padà sílé. Kí ni àwọn fẹ́ máa kí àwọn tí àwọn kò ní bá gbé fún? Láràárọ̀ ni yóò gbé ẹ̀kọ àti omi tì í, yóò sì ti ilẹ̀kùn láti ìta kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Odò ni fèrèsé yàrá náà kọjú sí. Omi ni ìyá ń wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó fi òun han aráàlú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ sọ pé ó di ọ̀la.

Ọjọ́ tí adé parí, àwọn ìjòyè yẹ iṣẹ́ náà wò, wọn kò rí ohun tí wọn yóò bù kù nínú rẹ̀. Wọ́n fún Ọnàyẹmí ní aṣọ òfì kan. Inú rẹ̀ dùn, ó ń rò ó lójú ọ̀nà pé ìyá òun ni yóò ró aṣọ náà. Oòrùn ń ràn, ẹ̀kán òjò kan kò sì sí lójú ọ̀run. Ìgbà tó yọ sí Ìdí-Ọ̀mọ̀ ló rí i pé omi ti gba ibi tí ọ̀nà wà. Òrùlé méjì péré ló kù lókè omi nísàlẹ̀ ìlú, kò sì sí tirẹ̀ níbẹ̀.

Ó sáré gba ẹ̀yìn òkè. Gbogbo ìlú ló wà lórí àpáta. Ó rí afọ́jú tó jókòó ti ọ̀dọ́ tó pọ̀n ọ́n, ó rí abiyamọ pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ méje, ó rí bàbá arúgbó tí kò lè dìde láti ọdún mẹ́ta, tó ń run orín lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi wò wọ́n tán.

“Ìyá mi dà?” ó bi wọ́n.

“Ìyá wo?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Ìyá mi tó wà nínú ilé.”

Àṣàbí káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Ó ní òun rí Ọnàyẹmí nígbà tó kọjá láàárọ̀. Òun lòun sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má wulẹ̀ dé ibẹ̀, pé asínlẹ̀kẹ̀ ti lọ, ilé òfìfo ni. Akínfẹ́ńwá, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé àwọn aláìlera, dìde dúró.

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gba iwájú ilé yẹn kọjá,” ó wí. “Omi kò tíì dé orúnkún nígbà náà. Ariwo odò ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.”

Ọjọ́ kejì ni omi fà, tí wọ́n rí ìyá náà. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì bí ọmọ rẹ̀ ṣe tì í. Orí òkè ni wọ́n sin ín sí. Àwọn obìnrin ìlú fẹ́ sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí wọn yóò pè é, wọ́n ní láti bi Ọnàyẹmí ní orúkọ rẹ̀. Ó ní Àwẹ̀ró ni. Kò sẹ́ni tó bú Ọnàyẹmí ní gbogbo ìlú, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ ọba dé láti Ìgbóyè, pé Kábíyèsí fẹ́ dé adé náà wò, kí asínlẹ̀kẹ̀ máa bọ̀ kíákíá. Ìránṣẹ́ bá a nínú ẹrẹ̀ létí odò, àdá lọ́wọ́, láàárín gbogbo ìlú.

“Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí,” ni Ọnàyẹmí sọ. “Ẹ ní lọ́la ni n ó wá. Iṣẹ́ ìlú mi ni mò ń ṣe lọ́wọ́.”

Ẹnu ya ìránṣẹ́ náà, nítorí kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni ní kí ọba dúró de òun. Ó béèrè pé ìlú rẹ̀ wo, ṣebí àlejò ni. Ọnàyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro etí odò lọ. Àwọn àgbà Ìdí-Ọ̀mọ̀ ló dá ìránṣẹ́ lóhùn, èsì wọn ọjọ́ náà sì ni gbogbo ayé fi ń pa òwe títí dòní, pé: ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe.