Òkìtì Kẹta

Ọkùnrin kan wà ní etíkun àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ayé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé ibẹ̀ lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya ẹja sọ́tọ̀. Ilẹ̀ ìlú rẹ̀ kò gba ọ̀gbìn, nítorí òkúta ló kún inú rẹ̀, òtútù a sì máa dì í mú fún nǹkan bí ìdajì ọdún. Àwọn ará gúúsù ní tábà. Àwọn ará erékùṣù tó wà nínú òkun gbígbóná ní ìrèké. Ẹja ni Ọlọ́run fi kẹ́ ìlú tirẹ̀: ẹja ńlá inú omi tútù, ìbátan èyí tí àwa ń pè ní páńlá. Wọn a là á, wọn a fi iyọ̀ sí i, wọn a sì sá a sórí àtẹ igi títí yóò fi le bíi pákó. Ẹja yìí ló kọ́ ilé ìsìn wọn. Òun ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń bọ́ olùkọ́, nítorí bàbá kọ̀ọ̀kan ní ẹja àti igi ìdáná tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bá rí nǹkan fi ránṣẹ́, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò jókòó sí, níbi tí ooru iná kò dé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń gbà láyè láti ya ẹja sọ́tọ̀ níbẹ̀. Òfin ní kí ẹni tí yóò ṣe é dìde níwájú gbogbo ìlú, kí ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí ó sì búra pé òun kò ní ṣe ojúsàájú fún ẹni tó ń tà tàbí ẹni tó ń rà. Ọkùnrin yìí ti búra náà láti ọdún mọ́kànlá, kò sì tíì sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn án. Òkìtì mẹ́ta ló máa ń kó ẹja sí. Ẹja funfun tó nípọn, tí kò ní àbàwọ́n, ni ti òkìtì kìíní. Sípéènì àti Pọ́túgà ló ń lọ. Òkìtì kejì ni àwọn ará ìlú ń jẹ. Òkìtì kẹta ni èyí tí òjò pa lórí àtẹ, tàbí tí oòrùn jó, tí kòkòrò ti wọ̀, tí ara rẹ̀ ti ń pọ́n, tó sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wọn kì í da èyí nù. Inú àgbá ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, ọkọ̀ a sì gbé e lọ sí àwọn erékùṣù ìrèké, kí àwọn ẹrú tó wà nínú oko níbẹ̀ lè rí nǹkan fi jẹun. Ọkọ̀ kan náà ní í gbé oje ìrèké bọ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ ti ń retí, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Rúùtù. Ọmọ náà kéré, ikọ́ sì mú un láti ọ̀sẹ̀ kejì tó dáyé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí a tètè ṣe ìrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n ìjọ wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ àfi tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìjọ ní kíkún. Àwọn méjèèjì kì í pa ìsìn jẹ, síbẹ̀ wọn kò tíì di ọmọ ìjọ. Ẹni tó bá fẹ́ dà á yóò dìde níwájú gbogbo ènìyàn, yóò sọ bí Ọlọ́run ṣe yí ọkàn òun padà, yóò sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán, àlùfáà yóò bi í pé, “Arákùnrin, ǹjẹ́ ó ku nǹkan?” Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin ìjọ yóò na ọwọ́ sókè láti gbà á. Ara ìyá ọmọ kò tíì le. Ọ̀rọ̀ náà di ti bàbá.

Ọkùnrin yìí mọ ìwé kà, kò mọ ọ́n kọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà, kíkà ni wọ́n ń kọ́ni ṣáájú, ó sì ti wọ ọkọ̀ apẹja kí wọ́n tó fi kálámù lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹnu ló fi ń kọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀, láàárín òkìtì ẹja, bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ pé òun ti sùn nígbà ìwàásù. Ó sọ pé òun mu ọtí yó lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọkọ̀ tuntun kan sómi. Ó sọ pé òun rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé wíìgì àlùfáà lọ. Níbi tí ó bá ti sọ̀rọ̀ dé oore-ọ̀fẹ́, omi a dé ojú rẹ̀.

“Ẹni mímọ́,” ni àwọn tó ń sá ẹja máa ń pè é, “jọ̀ọ́, yí ojú sápá kan. Bí o bá tún sunkún sórí ẹja yìí, a ò ní wá iyọ̀ mọ́.”

Díákónì ìjọ ló ni àtẹ náà, òun ló sì ni ọkọ̀. Ó ní ẹrúbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dáína, ẹni tí wọ́n kó láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní erékùṣù ìrèké kí wọ́n tó tà á wá sí àríwá. Ìyàwó díákónì kọ́ ọ ní ìwé kíkà, kí ó lè máa ka Bíbélì fún òun nígbà tí ojú òun di bàìbàì. Lọ́jọ́ ìsìn, àjà òkè ilé ìsìn, tó ṣí sí ìsàlẹ̀, ni Dáína ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn ẹrú yòókù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé apẹ̀rẹ̀ wá gba ẹja ilé, ó sì dúró.

“Ọ̀gá, ìgbà kẹta nìyí tí mo gbọ́ ìjẹ́wọ́ yín.”

“Kí lo rí sí i?” Ọkàn ọkùnrin náà fẹ́ ìyìn.

“Ó dùn-ún gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kò pọ̀.”

“Àbùkù wo ló wà níbẹ̀?”

“Kò sí o. Mo kàn ń wò yín ni. Ẹnu yín ń jẹ́wọ́, ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́.”

Dáína bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹja kan nínú òkìtì kẹta, ó gbóòórùn rẹ̀. “Èmi mọ eléyìí. Bí wọ́n bá ti ṣí àgbá, a ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ìdin rẹ̀ kúrò kí a tó sè é. Ọmọ mi kékeré kò lè gbé e mì. Ó ń bì í títí kò fi sí ohun tó kù tí yóò bì. Nígbà náà, mo máa ń rò ó pé ta ló ń fi ẹja yìí ránṣẹ́ sí wa. Mo ní yóò jẹ́ ẹni tí kì í gbàdúrà.”

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. “Dáína, mo búra. Òtítọ́ ni mo fi ń ya ẹja.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Òtítọ́ ni. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹja rere ṣèèṣì bọ́ sínú àgbá wa.”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọkùnrin náà tọ àlùfáà lọ, ó sì bi í bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni òkìtì kẹta. Àlùfáà náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ronú kí ó tó fèsì. “Òwò nìyẹn,” ni ó wí. “Òfin mọ̀ ọ́n, ìlú mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn rẹ ni kí o mú wá fún wa. Má kó ẹja wọ ilé Ọlọ́run.” Ọ̀rọ̀ yìí tù ú nínú títí ó fi délé. Ní ilé, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó sì ní, “Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni kí o sọ, bàbá Rúùtù. Èyí tó bá kù, kó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run. Gbọ́ bí ó ti ń mí.” Ọkùnrin náà gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìsìn, yìnyín bo ilẹ̀. Ìyá ọmọ wé e ní aṣọ mẹ́ta, ó jókòó nítòsí pẹpẹ. Omi ìrìbọmi ti wà nínú abọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó sì sọ̀rọ̀ bí ó ti kọ́ ọ, kò gbàgbé ẹyọ kan. Àwọn àgbà ń mi orí pé ó dára. Nígbà tí ó dé ibi wíìgì, àlùfáà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Díákónì ti gbé ọwọ́ kúrò lórí itan, ó ti ń múra láti nà án.

“Arákùnrin, ǹjẹ́ ó ku nǹkan?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí ó fi dáhùn. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wúkọ́. Ó gbé ojú sókè sí àjà, ó sì rí Dáína, tí kò fi ojú bẹ̀ ẹ́, tí kò sì fi ojú halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn ń dúró gbọ́ ni.

“Ó ku ọ̀kan,” ni ó wí. “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí yan oúnjẹ tí n kò lè fún ajá mi, tí mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ń gbàdúrà nígbà tí mo ń ṣe é.”

Díákónì dìde. “Bí a kò bá gbé e lọ, kí ni wọn yóò jẹ? Ṣé kí ebi pa wọ́n ni? Iná tí àwọn ọmọ wa ń yá ní ilé ẹ̀kọ́, arákùnrin, kí ló ń dá a?”

“A jẹ́ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wa,” ni ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn.

“Ọwọ́ tèmi ni mo ń sọ,” ni ọkùnrin náà wí. “N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

Àlùfáà ní kí àwọn tó bá gbà á na ọwọ́. Ọwọ́ gbogbo àwọn ọkùnrin ìjọ wà lórí itan wọn. Ní òkè àjà, ọwọ́ kan lọ sókè, ó sì dúró síbẹ̀ títí ó fi ń gbọ̀n. Akọ̀wé ìjọ rí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ọwọ́ tó sókè. Wọ́n da omi inú abọ́ nù sórí yìnyín.

Ìyá ọmọ kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí òtútù fi lọ. Ọmọ náà yè, ikọ́ náà sì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n àlùfáà náà kò ṣe ìrìbọmi fún un. Ọkùnrin náà jọ̀wọ́ iṣẹ́ tó búra fún, ó ń tún àwọ̀n ṣe jẹun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹlòmíràn ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè níwájú ìlú, àgbá sì ń lọ sí erékùṣù bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Rúùtù tó ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ kò ní ẹja tí yóò fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, níbi tí ooru iná kò dé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ kíkọ.

Ìwọ tí o ń gbọ́ àkàwé yìí, má ṣe dá àwọn ará ìlú náà lẹ́jọ́ ná. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ bí ìwọ náà ti kọ́ ọ, wọ́n sì ń lọ sí ìsìn déédéé. Òkìtì kẹta wà ní ọwọ́ tìrẹ náà. Olùkọ́ tí o kò jẹ́ gbà kí ó kọ́ ọmọ tìrẹ, ilé ẹ̀kọ́ abúlé wo lo fọwọ́ sí ìwé pé kí ó lọ? Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ sópin, tí o gbé kúrò lórí àtẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń rà, ọ̀nà wo lo ní kí ọkọ̀ gbé e gbà? Òfin lè má bi ọ́. O sì lè ti yà á sọ́tọ̀ ní òtítọ́, débi pé èyí tó dára kò ṣèèṣì bọ́ sọ́dọ̀ wọn rí.

Lọ́jọ́ tí o bá jẹ́wọ́ tán, tí gbogbo ènìyàn ń mi orí, tí ọwọ́ wọn ti fẹ́ gbéra, tí a sì bi ọ́ bóyá ó ku nǹkan, má tètè dáhùn. Kọ́kọ́ gbé ojú sókè wo àjà.