Ìjàpá, Afinimọ̀nà Igbó Etí Òkun

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi kò gba ọ̀nà oko, etí òkun ló gbà. Ó kọsẹ̀ lára gbòǹgbò igi, ó wó lu Ìjàpá aláìnítìjú.

Ọ̀dá dá nílẹ̀ òkè. Ewé gbẹ, koríko gbẹ. Ẹtu pọn ọmọ rẹ̀, òun àti Ọ̀bọ forí lé igbó etí òkun, níbi tí wọn kò dé rí. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà. Kò lè sunkún mọ́.

Ta ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà? Ìjàpá ni! Ó ti yó bámúbámú. Igbó tó lè bọ́ odindi ìlú, ó ní tòun nìkan ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará òkè! Èmi ni mo mọ igbó yìí. Èmi ni n ó mú yín kiri."

Ọ̀bọ rí àgbọn lórí igi. "Bàbá, kí nìyí?"

"Háà! Orí òkú ni! Àwọn tó bómi lọ ni." Ìjàpá gbé ọ̀kan tó ti bó sílẹ̀ fún ara rẹ̀. "Ṣé o ò rí ojú ẹ̀ ni?"

Lóòótọ́, ojú wà níbẹ̀. Ọ̀bọ fò sẹ́yìn.

Ẹtu rí ewé tútù yọ̀yọ̀ tó ń fà lórí yanrìn. "Èyí ńkọ́, bàbá? Ṣé kí n já díẹ̀ fún ọmọ mi?"

"Irùngbọ̀n iwin nìyẹn! Ṣé o fẹ́ kí iwin wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ ni?"

Ló bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Àlejò, ẹ má fọwọ́ kàn án o,
*Ṣéréwelé!*
Orí òkú ló so lórí igi,
*Ṣéréwelé!*
Irùngbọ̀n iwin ló bo yanrìn,
*Ṣéréwelé!*
Ìjàpá nìkan ló mọgbó,
*Ṣéréwelé!*

Ẹ ò gbè é dáadáa. Àbí ebi ń pa ẹ̀yin náà?

Ẹtu bú sẹ́kún. "Bàbá, ọmọ mi ń kú lọ! Ṣé kò sí ohun jíjẹ kankan nínú gbogbo igbó yìí ni?"

Ìjàpá rò ó pé bí inú bá run wọ́n díẹ̀, wọn á wábi gbà. Ó já èso pupa kan tí oje rẹ̀ ń jóni bí iná. "Oyin igbó wa nìyí. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ máa lọ."

Ẹtu kúnlẹ̀ gbà á. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó tún fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. "A dúpẹ́, bàbá. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò."

"Èmi kẹ̀? Mo ti yó."

"Lọ́dọ̀ tiwa, onílé ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ àlejò wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni níbí?"

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bó bá kọ̀, àṣírí tú. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé òun á gé e jẹ díẹ̀, òun á tu ú dànù. Ó gé e jẹ. Oje ṣàn wọ ọ̀fun! Ó fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Ó sáré sídìí àgbọn tó bó, ó là á mọ́ òkúta, ó gbé omi rẹ̀ mu. Iná ò kú. Ó tún kó irùngbọ̀n iwin sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ wàwà.

Ọ̀bọ pariwo pé, "Ẹ wo bàbá tó ń mu orí òkú!"

Ẹtu sáré lọ sórí yanrìn. Ó já ewé náà, ó rún un, ó fi sọ́mọ lẹ́nu. Ọmọ jẹ ẹ́, ó lajú, ó sì bú sẹ́kún kíkankíkan. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé òun náà ń sunkún.

Ìgbà tó yá, iná ọ̀fun Ìjàpá kú, ṣùgbọ́n ohùn kò padà. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń ké, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, tí ìjàpá kàn ń lanu lásán títí dòní. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lè bú yín. Ó kàn máa fa orí wọlé ni.

Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, kí ohùn mi bá ti Ìjàpá lọ. Ẹ ṣì ń gbọ́ mi, àbí?