Ẹ̀rọ Tó Ka Ìwé Ìròyìn Adéòtí

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í jalè; mo wà ní kóòtù ìbílẹ̀ lọ́jọ́ ẹjọ́ tí Adéòtí pe Láníyì. Láníyì ti fi gbogbo ìwé ìròyìn tí Adéòtí ń tẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, lọ́rọ̀, láìgbàṣẹ. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà ni aráàlú ti wá ń béèrè ìròyìn, ilé ìtẹ̀wé Adéòtí sì fẹ́ kógbá sílé.

"Olúwa mi, ṣebí ẹ̀rọ mi kàwé lásán ni," ni Láníyì wí.

Bó ti wo fóònù rẹ̀, ó figbe ta: "Olè! Ẹ̀rọ tuntun tí Ṣówándé aládùúgbò mi ṣe ti kó ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mi!"

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni adájọ́ bi í.

"Ẹ̀rọ mi ṣèèṣì sọ pé afárá Ìdí-Àràbà wó. Afárá ò wó, ti Ṣówándé náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀!"

Adéòtí bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣi ìròyìn yẹn kọ, Olúwa mi. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlú."

Adájọ́ mi orí. "Láníyì, olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Ìyà wo ni ká fi jẹ Ṣówándé? Irú rẹ̀ gan-an la ó fi jẹ ìwọ náà."

Ojú ẹsẹ̀ ni Láníyì rántí pé ọmọlúàbí ni Ṣówándé.