Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Gbé Ìsọ̀ Rẹ̀ Kiri

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀yìn ìgbín ṣì ṣófo, tí kò tíì sí ìkarahun kankan níbẹ̀, Ìgbín ni ó ń ta òróró fún gbogbo ẹranko inú igbó.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi ọdán, láàárín ọjà. Amọ̀ ni ó fi mọ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó mọ ọ́n róbótó, ó ń yí i po, ó ń yí i po, títí orí rẹ̀ fi ṣe ṣóńṣó. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìsọ̀ náà ní. Ibẹ̀ ni Ìgbín máa ń jókòó sí láti àárọ̀, á gbé ìkòkò òróró síwájú, á máa retí oníbàárà. Kò kánjú. Ìgbín kò kánjú rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

Ká má parọ́, òróró Ìgbín wọ́n díẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń rù ú bọ̀, ẹ sì mọ bí Ìgbín ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ráhùn, nítorí èènì. Bí ó bá ti wọn òróró tán, tí oníbàárà ti sanwó, Ìgbín á tún ki ṣíbí bọ inú ìkòkò, á bu díẹ̀ lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá rí i pé ojú rẹ fà ro, èènì rẹ á pọ̀ sí i. Bí o bá bú u ní ọjà tó kọjá, á fún ọ ní èènì náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan péré ni yóò jẹ́, kí o lè mọ̀ pé kò tíì gbàgbé.

Ẹni tó fẹ́ràn èènì yìí jù ni Òkété, ìyá ọlọ́mọ yọyọ. Inú ihò ni Òkété ń gbé, ọ̀sán ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí òru. Bí fìtílà bá kú nílé rẹ̀, àwọn ọmọ á máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀.

"Ìyá Olóróró, ajé á wọ igbá o," Òkété á wí.

"Àṣẹ o, Ìyá Ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èènì tòní dáadáa. Àbíkẹ́yìn mi ti ń rá kiri, mi ò fẹ́ kó forí gbá ògiri."

Ìgbín á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì bu odidi ṣíbí kan lé e. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, ó sì dùn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá ni Erin dé láti igbó òkèèrè. Ó kọ́ ilé ọjà kan sí ẹ̀yìn odò, níbi tí ilẹ̀ pọ̀ sí. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká gbà pé a rí erin. Ilé ọjà náà tóbi débi pé Erin ń wọlé, ó ń jáde, kò tẹrí ba. Ata wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀wà, ẹní, ìgbálẹ̀, òróró. Ẹni tó bá lọ ra ìgbálẹ̀ á gbàgbé ìgbálẹ̀ síbẹ̀, á gbé ẹní mẹ́ta bọ̀ wálé.

Ọ̀pọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí Ìgbín ń fi oṣù kan rù bọ̀, Erin á fi imú gígùn rẹ̀ gbé ìlọ́po rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní mí gúle. Nítorí náà ni òróró tirẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì iye tí Ìgbín ń tà á.

Ká sọ ti Erin fún Erin: ó ṣe àwọn tálákà lóore. Ẹmọ́ tí kò fi òróró dín nǹkan rí láyé rẹ̀ dín àkàrà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ra òróró Erin, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ṣùgbọ́n ní ilé ọjà Erin, kò sí ìnájà. "Iye tí mo bá pè é ni iye tó jẹ́," Erin á wí. Kò sí ìwọ̀n kékeré níbẹ̀, agbè ńlá ni wọ́n ń tà. Kò sì sí èènì. Nígbà tí ẹnì kan béèrè èènì, Erin wò ó títí bí ẹni tó ń gbọ́ èdè àjèjì.

Kò pẹ́ tí ọjà abẹ́ igi ọdán fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọ̀yà, tí ó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbín, ni ó kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Ó lọ ń bá Erin to ẹrù.

"Ìyá Olóróró, ẹ wá síbẹ̀," ó wí nígbà tó wá kí Ìgbín. "Òjò kì í pa wá. Bí ọjà tà, bí kò tà, mo ń jẹun."

"Ṣé o ṣì ń pàṣẹ fún ara rẹ?" Ìgbín bi í.

Ọ̀yà ronú sí i. "Rárá o," ó wí, "ṣùgbọ́n mo sanra."

Òótọ́ ni, ó sanra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oníyọ̀ lọ, lẹ́yìn oníyọ̀ ni ẹlẹ́ní. Kò pẹ́ tí ìsọ̀ Ìgbín fi dá wà láàárín ọjà bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó.

Àyà Ìgbín wá ń já. Ìsọ̀ yìí ni gbogbo ohun tó ní. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò tún máa jẹ́ Ìyá Olóróró? Ó dín owó òróró kù. Síbẹ̀, ti Erin ṣì kéré jù ú lọ. Ó tún dín in kù títí kò fi sí èrè mọ́. Níkẹyìn, ó wo ṣíbí èènì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Àṣé ìwọ lò ń jẹ èrè mi."

Ó fi ṣíbí náà há àjà.

Ọjọ́ kejì ni Òkété dé. Nínú gbogbo oníbàárà, òun nìkan ni kò tíì dá ẹsẹ̀ dúró. Ìgbín wọn òróró fún un, Òkété sanwó. Òkété kò gbé agbè rẹ̀ kúrò. Ó nà án síwájú, bó ṣe máa ń nà án, ó ń retí.

Ìgbín dé ìkòkò.

"Ìyá Olóróró," Òkété wí jẹ́jẹ́, "èènì ńkọ́?"

"Èènì ti tán. Ṣé o kò rí i pé mo ti dín owó kù?"

Òkété wo ìdérí ìkòkò náà. Ó wo ojú Ìgbín. "Erin kì í fún mi ní èènì," ó wí, "ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀wọ́n ni tiyín, mo sì ń rìn wá nítorí pé ẹ mọ̀ mí. Bí èmi àti àwọn tó kù bá ti wá di ọ̀kan náà lójú yín, kí ni mo tún wá ń ṣe níbí?"

Ó gbé agbè rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.

Inú bí Ìgbín. Ó sọdá odò lọ bá Erin. Ó rìn títí ìbínú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọlẹ̀ kó tó débẹ̀, ó sì ní láti tún ìbínú náà dá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá," ó wí, "iye tí mo fi ń ra òróró ni ẹ̀yin fi ń tà á. Ẹ ti tú ọjà wa ká."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ yín?" Erin bi í, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo pe ẹnikẹ́ni? Mo ti ẹnikẹ́ni? Àwọn ẹranko ń fẹ́ ọ̀pọ̀, mo sì ní in."

Ohun tó ń dun Ìgbín nìyẹn, pé Erin kò parọ́.

"Ẹ má bínú," Erin wí. "Ilẹ̀ ilé ọjà mi kò dán tó. Ẹ wá máa bá mi nù ún."

Ìgbín padà sílé, ó wọ inú ìsọ̀ rẹ̀, ó po ẹfun mọ́ itọ́, ó sì fi dí ẹnu ọ̀nà pa. Ó ká ara rẹ̀ jọ sínú òkùnkùn, ó ń bínú. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó fi bínú. Kò sí ẹni tó lè bínú pẹ́ bí ẹni tí kì í kánjú.

Nǹkan kan sì wá ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn odò. Tẹ́lẹ̀ rí, owó ẹní ni ẹlẹ́ní fi ń ra ata. Owó ata ni Ọ̀yà fi ń ra òróró. Owó òróró ni Ìgbín fi ń ra ẹní. Owó ń jó yíká abẹ́ igi ọdán, kò sì kúrò níbẹ̀. Ní báyìí, gbogbo owó ló ń sọdá odò, kò sì sí èyí tó ń padà bọ̀ àfi ìwọ̀nba tí Erin fi ń bọ́ àwọn tó ń to ẹrù. Ọjà dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó náà ti dín lọ́wọ́ àwọn tí ń rà á. Kò pẹ́ tí Erin fi ń dá dúró láàárín ẹrù rẹ̀, ó ń fi etí lé eṣinṣin.

"Ọjà ibí kò yá mọ́," ó wí. Ó palẹ̀ mọ́, ó gba igbó mìíràn lọ, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀yà fi ọwọ́ òfìfo padà wálé. Koríko ti bo ìsọ̀ ata rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá kúkú wọ inú koríko náà, ó jókòó.

Nígbà náà ni fìtílà kú nílé Òkété. Kò sí Erin, kò sí olóróró mìíràn. Nínú òkùnkùn yẹn ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ dìde láti wá ìyá rẹ̀, ó sì fi iwájú orí gbá ògiri. Òkété gbọ́ ìró rẹ̀. Kò rí ọmọ náà, igbe rẹ̀ nìkan ni ó fi wá a rí.

Òjò àkọ́rọ̀ ń kán bọ̀ nígbà tí Òkété dé abẹ́ igi ọdán. Ó la koríko kọjá, ó sì kan ẹnu ọ̀nà ìsọ̀.

"Ìyá Olóróró."

Ó tún kàn án.

"Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

"Lọ bá Erin."

"Erin ti lọ."

"Tẹ̀ lé e."

Òkété jókòó sínú òjò. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ìkòkò," ó wí.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé agbè lọ."

"Bí ẹ kò bá dé e, ṣé màá gbé e lọ ni?"

Òjò ń rọ̀ sí orí ṣóńṣó ìsọ̀ náà.

"Àbíkẹ́yìn mi ti forí gbá ògiri," Òkété wí.

Ohùn kan ti inú jáde.

"Ṣé ó wú?"

"Ó wú gan-an."

Ẹfun ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Orí Ìgbín yọ, ọrùn rẹ̀ yọ, ó kù kí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kò yọ. Ó ti bínú pẹ́ jù nínú ìsọ̀ yẹn, amọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òkété di ọrùn rẹ̀ mú, ó fà á. Bí Ìgbín ti ń fà, ni ìsọ̀ ń tẹ̀ lé e. Wọ́n fà títí wọ́n fi la koríko já, ìsọ̀ ṣì wà lẹ́yìn Ìgbín. Òkété ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Ìgbín gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra.

"Ó dáa," Ìgbín wí. "Bí mi ò bá lè jáde nínú ìsọ̀, kí ìsọ̀ bá mi jáde. Ọjà ti di igbó, kò sẹ́ni tí yóò wá bá mi níbí. Èmi ni n ó máa wá bá yín nílé."

Ó wọn òróró tó kù sí agbè Òkété. Ó na ọwọ́ sí àjà, ó mú ṣíbí, ó bu ẹ̀kún rẹ̀ kan. "Èènì tòní nìyí." Ó tún bu òmíràn. "Èyí ni ti ọjọ́ yẹn."

Òkété nu omijé ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kì í yára, Ìyá Olóróró. Bí ẹ bá ti lọ sílé ẹlòmíràn, báwo ni n ó ṣe mọ ọ̀nà tí ẹ gbà?"

"Máa wolẹ̀," Ìgbín wí. "N kò ní dé ìkòkò mọ́, òróró á máa kán sójú ọ̀nà tí mo bá gbà."

Láti ọjọ́ náà ni Erin ti ń ti igbó kan bọ́ sí òmíràn. Láti ọjọ́ náà sì ni ìgbín ti ń gbé ìsọ̀ rẹ̀ kiri, tí àwọn àgbà fi ń wí pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á rántí ìbínú rẹ̀ àtijọ́, á fi ẹfun dí ẹnu ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀, á dárí jì wá, á tún jáde.

Nítorí náà, bí o bá jí láàárọ̀ tí o rí ìlà kan tó ń dán lára ògiri ilé yín, má ṣe pa á rẹ́. Ìyá Olóróró ló kọjá. Èènì rẹ nìyẹn.