Bí Ilẹ̀ Ṣe Di Ohun Tí Wọ́n Ń Fi Dógò

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rìn gbẹrẹgbẹrẹ, ó yà sílé Ọ̀yà, opó tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀.

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, oúnjẹ tán nílé Ọ̀yà. Ó lọ yá iṣu lọ́wọ́ Òkété kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò tètè san án, ẹni tó jẹ ní gbèsè yóò wá jókòó tì í nínú ilé. Yóò máa jẹun onílé, yóò máa bú u, kò sì ní í dìde àfi tó bá gba nǹkan rẹ̀. Ìjókòó yẹn ni wọ́n ń pè ní ògò. Wọ́n á ní lágbájá dógò ti onígbèsè.

Ìgbà tí Ọ̀yà kò rí iṣu dá padà, Òkété dé, ó jókòó gbìì sẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀nba tí Ọ̀yà bá sè, òun ló ń kọ́kọ́ bù. Àwọn ọmọ ń wò ó lẹ́nu. Èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í rù, Ọ̀yà ṣáà ń fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Òkété, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nílé mi. Ẹ lọ dógò ti ilẹ̀ ọkọ mi létí odò. Ohun tẹ́ ẹ bá gbìn síbẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ títí n ó fi dá iṣu yín padà.”

Òkété rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó yìí mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó dìde.

Àmọ́ kò gbin àgbàdo, kò gbin ẹ̀wà. Obì ló gbìn, torí pé láyé ọjọ́un, ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, wọ́n gbà pé òun ló nilẹ̀.

Òjò padà rọ̀. Ọ̀yà tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ létí igbó, ó dáko, iṣu ta. Ó gbé agbọ̀n karí, ó ń kọrin lọ:

Òkété o, mo gbéṣu dé,
*Tẹ̀rẹ́gbẹ̀ńdẹ́.*
Iṣu tí mo yá lọ́wọ́ yín,
*Tẹ̀rẹ́gbẹ̀ńdẹ́.*
Ẹ dìde lórí ilẹ̀ ọkọ mi,
*Tẹ̀rẹ́gbẹ̀ńdẹ́.*

Òkété gba iṣu, ó kà á, ó tún jókòó. Ó ní kí Ọ̀yà wo igi obì tó ti ga dé orókún. Ó ní ṣé ẹni tó kàn jókòó lásán ló ń gbin igi?

Ọ̀yà sunkún dé ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n, tó jẹ́ Baálẹ̀ wọn. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Òkété.

“Ìgbà tó o dógò nílé obìnrin yìí, ṣé o jẹun ẹ̀?”

“Mo jẹ ẹ́, Baálẹ̀.”

“Tó bá ti san gbèsè ẹ nígbà yẹn, ṣé wàá kó àwọn ọmọ ẹ̀ mọ́ra lọ ni?”

“Rárá o. Òun ló lọmọ.”

“Òun náà ló nilẹ̀. Lọ hú igi ẹ.”

Òkété ń ráhùn, ó ń hú u, fàtù, fàtù. Ibi tó bá ti hú, Ọ̀yà á ju èbù iṣu sínú ihò rẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òkété kò tí ì hú èyí tó kẹ́yìn tán tí Ọ̀yà ti dúró tì í, èbù lọ́wọ́, tó ń dúró dè é.

Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fi ilẹ̀ dógò.

Àlọ́ mi ti débi tó ń lọ, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́ nítorí gbèsè, ẹ jẹ nínú ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di tiyín.